Ẹnu Ni Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Bí Olùkọ́ JSS Ṣe Lè Mú Ọmọ Kàwé, Kí Ó Sọ̀rọ̀, Kí Ó sì Kọ̀wé

Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, oòrùn sì ti mú páànù orí kíláàsì JSS 2 gbóná janjan. Ọmọ bíi 60 ló fún ara wọn pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ẹni mẹ́rin sì ń yọjú wo ìwé kan ṣoṣo. Tíṣà ka àyọkà inú rẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, ọmọ kan níwájú nawọ́, ó sì ka gbólóhùn kan jáde látinú ìwé bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Tíṣà ní ó gbà á. Ó di ìbéèrè kejì.

Nígbà tí aago ìsinmi lù, àwọn ọmọ tó panu mọ́ yẹn ló ń ròyìn bọ́ọ̀lù alẹ́ àná lábẹ́ igi máńgòrò: ẹni tó gbá a sáwọ̀n, ẹni tí rẹfirí ṣègbè fún, ìdí tó fi yẹ kí kóòṣì gba ilé lọ. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń mú ẹ̀rí wá, wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ ara wọn palẹ̀. Gbogbo ohun tí ètò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ JSS mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe é.

Irú kíláàsì báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Ìbàdàn, Òṣogbo, Adó-Èkìtì tàbí Ìkòròdú. Orí àwọn ọmọ náà pé. Àlàyé nípa Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́, àǹfààní láti lò ó ni kò tó nǹkan. Ọmọ onílù kì í sì í fi àlàyé kọ́ ìlù: wọ́n á gbé ìlù kékeré kọ́ ọ lọ́rùn, á máa tẹ̀ lé ìyáàlù lọ sóde àríyá títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dọ́gba.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Àwọn tó ka ìwé girama láyé ìgbà kan kò lè gbàgbé Brighter Grammar, Students' Companion àti Practical English ti Ogundipe àti Tregidgo. Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì lè ka òfin gírámà inú wọn lórí. Àwọn ìwé náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà wọn, torí ọmọ díẹ̀ ló ń rí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀ nígbà náà, ìdánwò àṣàwọlé ni wọ́n sì fi ń ṣà wọ́n.

Ní 1982 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4, èyí tó pín girama sí ọdún mẹ́ta ìsàlẹ̀ (JSS) àti ọdún mẹ́ta òkè. Ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, dé ní 1999, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta ìsàlẹ̀ ti di ara ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ.

Ohun rere ni èyí. Àmọ́ inú kíláàsì kan náà ni ọmọ tó ń ka ìwé ìtàn nílé àti ọmọ tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan já geere wá jọ ń jókòó. Àwọn ọmọ yí padà, iye wọn yí padà, ọ̀nà ìkọ́ni ló dúró síbi tó wà: tíṣà á kọ òfin sí bọ́ọ̀dù, ọmọ á dà á kọ sínú nóòtù, ìdánwò á dé.

Ìdánwò yìí gan-an tún wà lára ohun tó dá ọ̀nà ìkọ́ni náà dúró. Bí ọmọ bá parí JSS 3, BECE, ìdánwò ìparí girama ìsàlẹ̀, ló kàn, olùkọ́ sì mọ̀ pé èsì rẹ̀ ni wọn yóò fi wo iṣẹ́ òun. Olùkọ́ obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ní ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun fi ń lo sáà tó kẹ́yìn fún ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá nìkan. Ó ní ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń mú lẹ́tà A tàbí D, síbẹ̀ kò ní lè kọ ojú ìwé kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun.

Ohun tó ń dí àwọn ọmọ lọ́nà

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà lẹ́nu. Yorùbá kò ní ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi "th" kọ, kò ní v, kò ní z, kò sì ní ch. Ọmọ á pe "van" bíi "fan", "chip" á dún bíi "ship", "three" á sì di "tree". Ìró h náà kì í gbẹ́yìn: wọn a yọ ọ́ níbi tó wà, wọn a fi í síbi tí kò sí, tí "eat" á fi di "heat". Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà "-s" àti "-ed" ìparí ọ̀rọ̀ máa ń sá mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ohun tó bá sì ti sá mọ́ ọn lẹ́nu yóò sá nínú ìwé rẹ̀.

Ìkejì ni gírámà. "Ó" kan náà la fi ń tọ́ka sí ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan. Ọmọ tó kọ "My mother, he went to the market" mọ̀ dájú pé obìnrin ni ìyá òun. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í sì í yíwọ́ nítorí àná tàbí ọ̀la. Tíṣà tó mọ èyí á mọ̀ pé àṣìṣe náà ní orísun, ìdánrawò ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ sì lè tún un ṣe. Tíṣà tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa fi báírò pupa fàlà sí i.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ inú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù àti orin, àti Píjìn ojú pópó, jìnnà sí ti inú ìwé Sáyẹ́ǹsì àti Social Studies. Kò sẹ́ni tó ń fi "evaluate" tàbí "consequence" ra búrẹ́dì ní ìsọ̀.

Ìkẹrin ni ọjọ́ orí. Láàárín ọdún 11 sí 14, ojú ẹgbẹ́ ni ọmọ ń wò ju ojú tíṣà lọ. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín, ó lè má la ẹnu mọ́ títí sáà yóò fi parí. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yẹ kó jẹ́ pé a kì í fi ẹnu ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á mọ́.

Yorùbá kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, pàápàá ti aládàáni, ṣì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá: owó ìtanràn, ìkúnlẹ̀, tàbí pátákó tí wọ́n á gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Èrò wọn ni pé bí Yorùbá bá jáde, Gẹ̀ẹ́sì á wọlé. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó dáńtọ́ nínú rẹ̀ ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kúrò nínú Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán ìhà méjèèjì wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé dé òpin kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ìjọba kò tíì dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sípò ní gbogbo ìpele. Òfin lè máa lọ, kó máa bọ̀. Ọmọ tó jókòó níwájú tíṣà kò ní fi Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní JSS lè lo Yorùbá níbi mẹ́ta láìba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èkíní, kí ọmọ méjì fi Yorùbá jíròrò ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì, kí tíṣà kọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí bọ́ọ̀dù, kó ní kí àwọn ọmọ wá ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn àyọkà, kí ọmọ kan fi Yorùbá sọ kókó rẹ̀, kí tíṣà lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ ló ṣòro fún un tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi sọ ọ́. Ní Èkó, níbi tí ọmọ Ígbò, Haúsá àti Ègùn ti jọ ń kàwé, kí tíṣà wo bó ṣe ń to ìjókòó, kí èdè má baà yọ ẹnì kankan sẹ́yìn.

Ìwé kíkà: ẹni mẹ́rin, iṣẹ́ mẹ́rin

Ní 1984, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Annemarie Palincsar àti Ann Brown, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ kíláàsì keje, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ JSS 1 wa. Àwọn ọmọ náà lè ka ọ̀rọ̀ inú ìwé jáde, kò kàn yé wọn ni. Wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ mẹ́rin: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀, kí wọ́n béèrè ìbéèrè, kí wọ́n tú ibi tó ta kókó, kí wọ́n sì sọ kókó ọ̀rọ̀ ní ṣókí. Tíṣà á kọ́kọ́ ṣe é lójú wọn, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ á máa gba ipò tíṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òye wọn gòkè gan-an.

Ọ̀nà yìí bá kíláàsì tí ìwé kò tó mu, torí ẹni mẹ́rin ló ń jókòó ti ìwé kan tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Chike and the River, ìwé àwọn ọmọdé tí Chinua Achebe tẹ̀ jáde ní 1966. Chike, ọmọ kan láti abúlé, ló lọ gbé ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Onitsha, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí àtisọdá Odò Ọya lọ sí Asaba, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀.

Kí tíṣà dá kíkà dúró síbẹ̀. Ọmọ kìn-ín-ní á sọ ibi tó rò pé Chike yóò ti rí owó. Ìkejì á béèrè ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "why". Ìkẹta á mú ọ̀rọ̀ tí kò yé e jáde, wọ́n á jọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ látinú gbólóhùn tó yí i ká. Ìkẹrin á fi gbólóhùn méjì sọ ohun tí wọ́n ti kà. Bí wọ́n bá kà síwájú, wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 20, gbogbo ọmọ inú kíláàsì ti sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ògùn kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní ariwo náà pọ̀ jù, àwọn òbí á sì rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀, àmọ́ ariwo ọjà yàtọ̀ sí ariwo iṣẹ́. Tíṣà tó pín iṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tó dá àkókò fún un, tó sì ń rìn yíká, kì í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀, lílò púpọ̀

Àṣà wa ni kí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ 15 àti ìtumọ̀ wọn sí bọ́ọ̀dù, kí ọmọ lọ há wọn sórí. Ká tó lo ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti fò lọ. Isabel Beck àti Margaret McKeown, onímọ̀ nípa ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà, pín ọ̀rọ̀ sí ìpele mẹ́ta: ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tí à ń bá pàdé nínú oríṣiríṣi ìwé, àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti iṣẹ́ kan pàtó. Wọ́n ní ìpele kejì ni kí olùkọ́ gbájú mọ́.

Ká mú "reluctant". Kí tíṣà ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó rọrùn: ẹni tó ń lọ́ra láti ṣe nǹkan. Kó béèrè ohun tí àwọn ọmọ máa ń lọ́ra láti ṣe nílé. Ẹ̀rín á sọ, fífọ abọ́ á wọ̀ ọ́, pípọn omi á wọ̀ ọ́. Kó wá ní kí oníkálukú parí gbólóhùn yìí: "I was reluctant to … because …". Kó mẹ́nu ba "reluctance" àti "reluctantly", kó sì tún lo ọ̀rọ̀ náà lọ́la àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò sì mọ sínú ìwé. Ara páálí mílíìkì, ike oògùn, bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà: Gẹ̀ẹ́sì tí a lè kà wà lára wọn. Tíṣà lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú páálí kan wá, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ, èyí tó ń kìlọ̀ àti èyí tó ń pọ́n ọjà.

Àròkọ ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu

"My Best Friend" àti "How I Spent My Last Holiday" ti dàgbà jù nílé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti há àròkọ méjèèjì sórí, tí ẹni tí kò kúrò ní Ìsẹ́yìn rí á sì máa kọ̀wé pé òun wọ bàálù lọ sí Abuja.

Kí tíṣà fún wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀, kó sì sọ ẹni tí yóò kà á fún wọn. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí gọ́tà tó dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń se mọ́ínmọ́ín fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ìyá àgbà lẹ́nu wò ní Yorùbá, kí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ohun tó sọ.

Kí wọ́n tó mú báírò, kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to kókó, kí wọ́n kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n kà á sétí ọ̀rẹ́, kí wọ́n wá tún un kọ. Ọmọ tí kò tíì lè kọ ìpínrọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tí yóò fa gùn lẹ́ẹ̀mẹta: "Chike wanted to cross the river because …", lẹ́yìn náà "but …", lẹ́yìn náà "so …". Ìdánrawò kékeré yìí ń kọ́ ọmọ ní ìrònú àti gírámà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rù tó ń ba olùkọ́ ni ìwé tí yóò máàkì, ẹ̀rù náà sì tọ́. Tíṣà tó ní kíláàsì mẹ́rin, ọmọ 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwé 240. Bó bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún péré lórí ìwé kan, wákàtí 20 ni, láìka ti oúnjẹ àti ọmọ tirẹ̀ nílé. Kò sì pọn dandan kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ ti "he" àti "she", ìyẹn nìkan ni kó wò. Kó máàkì ìdá mẹ́rin kíláàsì lọ́sẹ̀ kan, kí àwọn yòókù yẹ ìwé ara wọn wò pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tó kọ sí bọ́ọ̀dù. Ìwé tí báírò pupa ti bò mọ́lẹ̀ kì í kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Máàkì nìkan ló ń wò, á sì pa á dé.

Àlọ́, ìró àti eré

Àlọ́ Ìjàpá tí ọmọ mọ̀ láti ilé jẹ́ ohun èlò tí a kò ná owó lé. Ó ti mọ ìtàn náà, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù kó wá. Kí ọmọ mẹ́ta sọ àlọ́ kan pọ̀: ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á gbà á, ẹnì kẹta á parí rẹ̀. Ìtàn tó ti kọjá ni àlọ́, torí náà "went", "saw" àti "took" á máa wọlé láìjẹ́ pé tíṣà darúkọ òfin kankan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, kí wọ́n fi ṣe eré.

Ti ìró kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí àwọn ọmọ dìde bí wọ́n bá gbọ́ "van", kí wọ́n jókòó bí wọ́n bá gbọ́ "fan". Kí tíṣà yára sí i díẹ̀díẹ̀. Etí ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ kí ẹnu tó lè sọ ọ́.

Ẹ fún wọn ní ìwé

Ní Fiji, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè kejì bíi tiwa, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó nǹkan bí ìwé ìtàn 250 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ kàn ń kà á lójoojúmọ́, tàbí kí tíṣà kà á fún wọn. Láàárín ọdún kan, ìtẹ̀síwájú wọn nínú ìwé kíkà tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìwé 250 lè jìnnà sí wa, páálí ìwé kan kò jìnnà. Eze Goes to School, The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi àti My Father's Daughter ti Mabel Segun ṣì ń dùn mọ́ ọmọ ọjọ́ orí yìí. Olùkọ́ tó gbójú lè ka ojú ìwé kan nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, kó wá ka ibi kan náà nínú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968. Kí àwọn ọmọ sọ èyí tó dùn jù àti ìdí rẹ̀. Àríyànjiyàn tó máa bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni.

Bí ìṣẹ́jú 40 ṣe lè rí

Ká fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe ìró tàbí ọ̀rọ̀ tuntun. Ká fi 15 kàwé ní ẹni mẹ́rin-mẹ́rin. Ká fi mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a kà, kí mẹ́wàá tó kù jẹ́ ti kíkọ̀wé. Gírámà á wọlé níbi tí àṣìṣe ọmọ bá ti pè é. Àwọn olùkọ́ a máa ráhùn pé iṣẹ́ sáà kò ní parí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ sáà tó parí sórí bọ́ọ̀dù láìwọ orí ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kù sọ́wọ́ àwa yòókù

Ọgbọ́n olùkọ́ kò lè rọ́pò kíláàsì tó fẹ̀ tó, owó oṣù tó ń wọlé lásìkò àti ìwé tó tó kárí. Ojúṣe ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ ni ìyẹn. Kí àwọn tó ń ṣètò BECE náà fi kún ìbéèrè tí ọmọ yóò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn, torí ohun tí ìdánwò bá béèrè ni kíláàsì yóò kọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé fi ìyà kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bá a sọ Yorùbá tó jinlẹ̀, ẹ ní kó sọ ìtàn tó kà lónìí fún yín, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú èyí tó wà lókè yìí, ẹ lò ó fún odindi sáà kan, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ọmọ tó bá ń kàwé, tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń kọ̀wé lójoojúmọ́ yóò mọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní pàdánù Yorùbá rẹ̀.